Bí Mo Ṣe Wá Aṣílẹ̀kùn fún Ẹ̀rọ Iná Òkè-Àfọ̀n

Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ yí mi ká lábẹ́ igi àfọ̀n yìí, kí ẹni tí ń wúkọ́ wú u tán nísinsìnyí, nítorí pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìtàn tí mo ti sọ fún yín pọ̀. Mo ti sọ ti ẹfọ̀n tí mo lé títí tí òun fúnra rẹ̀ fi jókòó, tí ó sì ń wò mí bí ẹni pé kí n wá pín nínú ìjókòó rẹ̀. Mo ti sọ ti òjòlá tí ó gbé mi mì dé ìgbànú, tí mo sì fi ọ̀bẹ la ọ̀nà jáde. Ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn, ẹ kò sì ṣe àṣìṣe, nítorí pé irú ìtàn tí ènìyàn máa ń sọ nígbà tí ó bá mọ̀ pé òun yóò tún sọ òmíràn lọ́la ni wọ́n. Ti òní kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi Ọdẹ́níran, ọmọ Ọdẹ́yalé, tí kò sí ẹranko kan ní ilẹ̀ yìí tí kò mọ òórùn ẹ̀wù ọdẹ mi, ni mo ń sọ ọ́. Ẹ rí i pé ìbọn mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ rí i pé mo ti di àpò mi. Ẹ sì rí i pé Dúrójayé, ọmọ-ọmọ mi, kò sí láàárín yín. Mo rán an lọ sí ọ̀dọ̀ Adétóún, obìnrin tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, kí ó má baà gbọ́ ohun tí mo fẹ́ wí.

Ẹ̀yin àgbà rántí ọdún tí òjò kò dá, tí odò wọ́ afárá wa lọ, tí ọ̀nà ìlú ńlá sì dí pátápátá. Inú òjò náà ni ọmọ mi kan ṣoṣo, Ọdẹ́bùnmi, ti bí ọmọbìnrin kan kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ọmọ náà kò tóbi ju àparò tí a ti tu ìyẹ́ rẹ̀ lọ. Bí igbe ọmọ ti jáde ni ẹ̀mí ìyá rẹ̀ jáde. Ìgbà kan náà ni. Kò sí àlàfo láàárín méjèèjì tí a lè ti abẹ́rẹ́ bọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé ẹ óò tún bá a pàdé níwájú. A gbé ọmọ náà sínú àpótí onígíláàsì tí ó wà ní ilé ìgbẹ̀bí, èyí tí a fi ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ móoru. Iná tí àpótí náà ń lò, ara sólà orí òrùlé ni ó ti ń wá. Mo padà sílé láti gbẹ́ ilẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Erùpẹ̀ kò tíì gbẹ lọ́wọ́ mi nígbà tí wọ́n sáré wá wí fún mi pé iná àpótí ti kú.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, Adétóún ti tú ẹ̀rọ kékeré kan tí ó wà láàárín bátìrì àti àpótí náà palẹ̀. Ó fi ẹ̀mú tín-ín-rín yọ nǹkan dúdú kan jáde, ó sì gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò ju èso ẹ̀wà lọ; ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ó ní, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti là nítorí jíjó.

“Kòkòrò ni ó wọ inú ẹ̀rọ?” ni mo bi í.

“Kì í ṣe kòkòrò, Bàbá. Aṣílẹ̀kùn ni.”

“Ìlẹ̀kùn wo?”

Ó nu ojú rẹ̀ nù, nítorí pé òun àti Ọdẹ́bùnmi jọ dàgbà ni, ó sì ṣe àlàyé fún mi. “Bàbá, iná tí òrùn ń fún wa kì í dúró lójú kan. Bí òrùn bá mú, iná náà a pọ̀ ju ohun tí àpótí ọmọ fẹ́ lọ. Bí ìkúùkù bá bo òrùn, a kéré. Ẹ̀rọ yìí ni ó ń rẹ èyí tí ó pọ̀ sílẹ̀, òun náà ni ó ń gbé èyí tí ó kéré sókè, kí ọmọ má baà jóná, kí òtútù má sì pa á. Ìlẹ̀kùn méjì ni ó fi ń ṣe é, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Wọ́n ń ṣí, wọ́n ń tì, ju bí ìyẹ́ eṣinṣin ti ń gbọ̀n lọ. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn kì í ṣí ara rẹ̀. Ẹni tí ń ṣí wọn ni ó kú sí ọwọ́ yín yìí.”

“Ra òmíràn.”

“Afárá ti lọ. Èyí tí mo rí rà ní ọjà tí ó wà lápá ìhín odò, ayédèrú ni. Ó jó kí n tó mí. A kì í mú èyíkéyìí ṣáá, Bàbá. Ó gbọ́dọ̀ lágbára tó láti ṣí ìlẹ̀kùn gbayawu lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ìlẹ̀kùn tí kò ṣí tán tí kò sì tì tán ni ó máa ń gbóná tí ó sì ń jó. Ó gbọ́dọ̀ lè dúró ti ìlẹ̀kùn òkè, níbi tí ilẹ̀ tí ó tẹ̀ fúnra rẹ̀ ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí ó le jù ni pé kò gbọdọ̀ ṣí ọ̀kan títí èkejì yóò fi tì pátápátá. Bí méjèèjì bá ṣí papọ̀ ní ìṣẹ́jú akàn, iná yóò gba òkè já sí ìsàlẹ̀ tààrà, a ó sì kó eérú.”

Ìyàwó mi jókòó sí igun yàrá. Ó ti ki ọmọ náà bọ àárín ọmú rẹ̀, ó sì fi aṣọ bo ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbà náà ni ó gbé orí sókè.

“Bàbá Ọdẹ́bùnmi,” ni ó wí, “ara mi kì í ṣe iná. Mo ti darúgbó. Èmi náà ń tutù lọ.”

Mo mú ìbọn mi. Ọdẹ́yalé baba mi ti sọ fún mi nígbà ayé rẹ̀ pé igbó kan wà lẹ́yìn òkè méje tí a ń pè ní Igbó Àìlójúmọ́, níbi tí ilẹ̀ kì í mọ́, tí àwọn kan sì wà níbẹ̀ tí wọn kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn kí wọ́n sì tì í. Ó kìlọ̀ pé kí n má ṣe débẹ̀. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu ní gbogbo ọjọ́ ayé mi títí di ọjọ́ náà. N kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ohun tí mo jẹ lọ́nà àti ibi tí mo sùn sí. Ẹ mọ̀ pé ọdẹ ni mí. Ohun tí ó yẹ kí ẹ gbọ́ ni pé bí mo ti wọ igbó náà, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ kú lẹ́yìn mi bí fìtílà tí ẹnu fẹ́ pa, mo sì tan àtùpà orí mi.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá pàdé jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé òkúta kan. Ọrùn rẹ̀ gùn, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí ilá tí a sè, okùn kan sì so ìdí rẹ̀ mọ́ èèkàn ilẹ̀. Ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀ ṣí díẹ̀, ó tì díẹ̀, èéfín sì ń rú lára férémù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí iná kankan.

“Ọdẹ,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ń fà bí oyin, “èmi ni Rọra. Bí o bá dá mi lóhùn, n ó bá ọ lọ sí ibikíbi. Ibo ni ènìyàn dé tí a kò lè wí pé ó wọlé, tí a kò sì lè wí pé ó jáde?”

“Ẹnu ọ̀nà tìrẹ ni,” ni mo dá a lóhùn, “nítorí pé láti ìgbà tí a ti dá ọ, o kò tíì ṣí i tán rí.”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. “Kí ni ìkánjú? Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń ṣí i, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń tì í. N kì í dá ariwo sílẹ̀. Mú mi lọ.”

“Bí mo bá mú ọ dé ibi tí ilẹ̀ ti ń gòkè ńkọ́? A so ìdí rẹ mọ́ èèkàn.”

“Kí ilẹ̀ náà dúró dè mí,” ni ó wí.

Ìdáhùn yẹn tó mi. Mo fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá, nítorí pé ọ̀nà kò sí níbòmíràn. Bí mo sì ti ki èjìká bọ̀ ọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rín yẹn kan náà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìlẹ̀kùn tí a pa dé lójijì lè ṣẹ́ ni léegun. Ṣùgbọ́n èyí tí ń pa dé jẹ́jẹ́ ni mo ń bẹ̀rù títí di òní. Ooru ńlá kan jáde láti inú igi rẹ̀, ó jó fìlà mi kúrò lórí, ó sì lẹ̀ mọ́ apá ẹ̀wù mi. Mo fi ìdí ìbọn ti ara mi já sí òdìkejì, apá ẹ̀wù náà sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ di bí mo ti ń wí yìí. Mo gbọ́ tí ó ń pè mí lẹ́yìn pé, “Kí ni ìkánjú? Kí ni ìkánjú?” títí tí etí mi kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ní àárín igbó náà ni igi arère kan wà tí gbogbo wa tí a wà níhìn-ín kò lè fọwọ́ kó yíká. A gbẹ́ ìlẹ̀kùn méjì sí i lára, a sì so okùn kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà lókè, a sì fi pákó pẹrẹsẹ kan síwájú rẹ̀, tí ń gòkè bí ìlẹ̀kùn náà bá ti ń ṣí, tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí ó bá ti ń tì. Èkejì wà ní gbòǹgbò. Láti inú ti òkè ni ìmọ́lẹ̀ funfun kan ti ń jò jáde. Láti inú ti ìsàlẹ̀, òtútù nìkan ni. Orí pákó náà ni ẹnìkan dúró sí, apá mẹ́rin ni ó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó itan mi.

“Ta ni ó ń mí bí ewúrẹ́ tí ń rọbí nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?” ni ó kígbe. “Áà, ọdẹ ni! Bàbá kúkúrú, ṣé ìwọ ni o gbé ìbọn ni àbí ìbọn ni ó gbé ọ?”

“Sọ̀ kalẹ̀ wá béèrè lọ́wọ́ ìbọn náà,” ni mo wí.

Ó fò sílẹ̀, ilẹ̀ mì. “Èmi ni Wàràwàrà. Aṣílẹ̀kùn kan wà níhìn-ín tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, mo lé wọn lọ sí etí odò, nítorí pé wọ́n ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Kí o tó pe orúkọ mi tán, mo ti ṣí i, mo ti tì í, mo sì ti tún un ṣí.” Ó fò padà sórí pákó, ó fa ìlẹ̀kùn òkè gbayawu, pákó gbé e sókè, kò sì ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Inú mi dùn sí i. Bí ọdẹ ti ń wo àyà ajá kí ó tó mú un wọ igbó ni mo wo àyà rẹ̀. Mo wí lọ́kàn mi pé ọmọ náà yóò yè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kẹta tí Adétóún wí kò kúrò létí mi. Ẹ̀yin ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ òfin wa lórí àtùpà. Bí ọdẹ méjì bá fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ ara wọn lórí ègùn, níbi tí a ti ń lúgọ de ẹran, ẹni tí ó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ pa àtùpà tirẹ̀, kí ó sì súfèé, kí ẹni tí ń bọ̀ tó tan tirẹ̀. Òkùnkùn ni ó máa ń wà láàárín. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ràn òkùnkùn náà. Síbẹ̀ ọdẹ tí kò bá fún un láyè, àtùpà ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò rí láàárín ewé bí ojú ẹtu, yóò sì yìnbọn sí i. Ẹ mọ àwọn tí a ti sin nítorí rẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn lójú àwọn opó wọn. Mo tú àtùpà orí mi sílẹ̀, mo yọ ti baba mi nínú àpò, mo gbé méjèèjì kalẹ̀ pẹ̀lú ìṣáná.

“Èyí ń jó, ìyẹn kò jó,” ni mo wí. “Jẹ́ kí n rí bí o ti ń gbé ipò láti ọ̀dọ̀ èyí fún ìyẹn.”

Kí n tó pa ẹnu dé, ó ti ṣá ìṣáná, ó ti tan èkejì, ó sì ń fi ọwọ́ kẹta wá ọ̀nà àtipa èkínní. Méjèèjì jọ jó.

“Òkùnkùn dà?” ni mo bi í.

“Òkùnkùn wo? Ọ̀lẹ ni ń fi òkùnkùn sí àárín iṣẹ́. Gbọ́, bàbá kúkúrú. Ìlẹ̀kùn òkè yìí ni àwọn ọmọ ń gbà wá sí ayé, ti ìsàlẹ̀ ni àwọn òkú ń gbà lọ. Nínú òjò yìí ni mo fa ọmọbìnrin kékeré kan wọlé láti òkè, kí wọ́n tó di ẹrù rẹ̀ tán. Kò tíì pọ́n rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo ti ṣí ti ìsàlẹ̀ fún arúgbó kan tí ń kánjú. Atẹ́gùn gba òkè já sí ìsàlẹ̀! Ìyá ọmọ náà nawọ́ láti gba ọmọ rẹ̀, atẹ́gùn sì gbé e lọ fìrì. Irú eré bẹ́ẹ̀, o kò rí i rí!”

Mo na ọwọ́ mú ìbọn mi. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé, “Aṣọ wo ni ó wà lára obìnrin náà?”

“Àdìrẹ ni. A ya ẹyẹ sí i, ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ náà kò ní orí.”

Ìyàwó mi ni ó ya aṣọ náà. Oorun gbé e lọ nígbà tí ó ń ya ẹyẹ kan, kò sì parí orí rẹ̀. Ọdẹ́bùnmi sì wí pé aṣọ yẹn gan-an ni òun fẹ́. Mo fa òòlù ìbọn mi sẹ́yìn, mo sì yìn ín. Ọta bà á ní orúnkún. Ó bú ramúramù, ó gbá mi mú ní okùn àpò, ó sọ mí lu igi, nígbà tí mo sì yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo sá yí gbòǹgbò ká, ó gun orí pákó, ó di okùn ìlẹ̀kùn méjèèjì mú, ó ní, “Ìwọ náà yóò bá a lọ!” Ó fà wọ́n papọ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti wà nínú ìjì tí ó ń hú igi. Ọmọdé ni ìjì yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ó já láti òkè, ó dorí kọ ìsàlẹ̀, ó gbé ewé, ó gbé òkúta, ó gbé ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀. Mo ti fi okùn ìbọn mi kọ́ gbòǹgbò, mo sì rọ̀ mọ́ ọn bí àdán. Ṣùgbọ́n Wàràwàrà dúró ní agbedeméjì ọ̀nà ìjì náà lórí orúnkún kan ṣoṣo. Pákó ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó kọjá lójú mi pẹ̀lú apá mẹ́rin rẹ̀ tí ń wá ohun tí yóò dì mú, ó wọ ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀, ìlẹ̀kùn méjèèjì sì pa dé gbàgà. Igbó náà dákẹ́. Mo jókòó sí ilẹ̀, mo sì sunkún ọmọ mi, èyí tí n kò rí àyè sun nílé.

“Òun ni ó lé wa,” ni ohùn kan wí lẹ́yìn mi. “O ṣeun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe nítorí tiwa ni o ṣe wá.”

Àwọn méjì ni. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, wọ́n sì ń rìn bí aláǹtakùn. Kèrègbè kékeré kan wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó dàgbà nínú wọn ni Elékèrègbè, èkejì sì ni àbúrò rẹ̀, tí kì í sọ̀rọ̀. Elékèrègbè kò béèrè ohun tí mo fẹ́. Ó rí àtùpà méjì náà níbi tí ìjì ti gbá wọn sí, ó tan ọ̀kan, ó gbé e síwájú mi. Lẹ́yìn náà ó pa á. A jókòó sínú òkùnkùn. Òkùnkùn náà kúrú, ṣùgbọ́n ó gùn tó láti rántí òkú ẹni. Ìgbà náà ni ó tan èkejì.

“Ìwọ ni mo ń wá,” ni mo wí.

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ bí mo ti rí. Bí mo bá wà lókè, inú kèrègbè yìí ni mo ti ń mu agbára. Ìgbà tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ wá ṣí ti ìsàlẹ̀ nìkan ni mo lè pọn omi kún un. Ẹni tí ó bá dá mi dúró lókè pẹ́, òùngbẹ yóò pa mí, ìlẹ̀kùn yóò sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Sọ èyí fún obìnrin tí ó rán ọ.”

“N ó sọ fún un. Kí ni kí n fún ọ?”

“Bí mo bá bá ọ lọ, àbúrò mi nìkan ni yóò kù síbi. Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀, oorun yóò kùn ún lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ tí ọmọ tí o ń wá iná fún yìí bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáná, tí ó sì se oúnjẹ fún ọ, tí o sì jẹ ẹ́, kí o wá gba ipò lọ́wọ́ àbúrò mi. O kò ní padà sílé mọ́. Kí n tó gbà, jẹ́ kí n rí ọwọ́ rẹ lára okùn.”

Mo ní mo gbà, mo sì di okùn méjèèjì mú. Ó ní kí n ṣí ti òkè, mo ṣí i. Mo rí ọmọ kan tí ń kọjá sínú ayé, ó di ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Nígbà náà ni a kan ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀.

“Bàbá mi,” ni ohùn kan wí. “Bàbá mi, èmi ni. Ẹ ṣí i.”

Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọmọ, ẹ̀yin nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Okùn ìsàlẹ̀ wà ní ọwọ́ òsì mi. Kò wúwo. Ọmọ ẹlòmíràn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà òkè.

“Ọdẹ́bùnmi, dúró,” ni mo wí. “Jẹ́ kí ọmọ olọ́mọ kọjá.”

Mo ti ìlẹ̀kùn òkè. Mo dúró nínú òkùnkùn náà títí tí ó fi pé. Mo wá ṣí ti ìsàlẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ nínú aṣọ ẹlẹ́yẹ náà, kò sì lè gbé ẹsẹ̀ kọjá, nítorí pé ọ̀nà náà kì í gòkè. Ó mọ̀, mo mọ̀.

“Ṣé ara ọmọ náà móoru?” ni ó bi mí.

“Kò tíì móoru. Òun ni mo wá ṣe.”

“Ẹ tètè máa lọ, Bàbá. Ẹ tì í.”

Mo tì í. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tì í.

Elékèrègbè ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọ, ó súnkì títí tí ó fi kéré bí èso ẹ̀wà, mo sì gbé e sínú ìkarahun ìgbín wá sílé. Adétóún wò ó, ó wò mí, ó rí i pé n kò ní fìlà mọ́, ẹ̀wù mi kò sì ní apá.

“Bàbá, ibo ni ẹ ti rí irú èyí?”

“Níbi tí wọn kì í ti í tajà. Má ṣe dá a dúró lókè pẹ́. Ìsàlẹ̀ ni ó ti ń pọn omi.”

Adétóún jókòó ti ẹ̀rọ náà. Ó jó o mọ́ ipò rẹ̀ pẹ̀lú òjé tí a fi iná yọ́. Iná àpótí ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó dúdú díẹ̀, ó sì wá mọ́lẹ̀, kò mì mọ́. Ìyàwó mi gbé ọmọ náà sínú rẹ̀, ó sì di apá mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù jù. Òtútù yẹn kò fi í sílẹ̀ títí tí òun náà fi lọ ní ìgbẹ̀yìn òjò náà. Nígbà tí a fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, gbogbo yín ní kí a pè é ní Ìyábọ̀. Mo kọ̀, inú sì bí àwọn kan nínú yín títí di òní. Báwo ni mo ṣe lè pè é bẹ́ẹ̀? Ìyá rẹ̀ kò bọ̀. Èmi ni mo ti ìlẹ̀kùn. Dúrójayé ni mo sọ ọ́.

Ẹ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé arúgbó ń se ọbẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin tí ó ga tó èjìká rẹ̀ jókòó. Ẹ ti wí pé mo kẹ́ ẹ bàjẹ́, pé kò mọ bí a ti ń fínná. Ẹ ti gbọ́ ìdí rẹ̀ báyìí. Èmi ìbá sì ti máa dáná lọ títí n ó fi kú. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò yìí, ìyàwó Fádáhùnsi kú bí ọmọ rẹ̀ ti ń ké. Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé ilé ìgbẹ̀bí, mo gbọ́ méjèèjì, kò sì sí àlàfo láàárín wọn. Mo mọ̀ pé oorun ti ń kun ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn.

Ní òwúrọ̀ òní, mo pe Dúrójayé, mo sì fi ìṣáná lé e lọ́wọ́.

“Bàbá àgbà, ṣé kí n dáná lóòótọ́?”

“Dá a, ọmọ mi. Ebi ń pa mí.”

Ó se iṣu. Kò jinná tán ní àárín, iyọ̀ sì pọ̀ jù. Ó jókòó tì mí, ó ń wo ẹnu mi, ó ń bi mí bóyá ó dùn. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì fi ìka nu àwo.

Kí Adétóún máa tọ́jú rẹ̀; mo ti bá a sọ ọ́. Bí iná ilé ìgbẹ̀bí bá ṣẹ́jú, ẹ má ṣe bú ẹnikẹ́ni. Elékèrègbè ni ó ń ti ọ̀kan kí ó tó ṣí èkejì. Ẹ̀yin aboyún tí ẹ wà níhìn-ín, nígbà tí ọmọ yín bá ké, tí ẹ sì rí òkùnkùn díẹ̀ tí ó bo ojú yín, ẹ má ṣe bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ dúró nínú rẹ̀. Èmi ni.

Ẹ gbé ìbọn mi fún mi. Kí ẹni tí ó wà nítòsí àtùpà yẹn pa á. N ó súfèé bí mo bá dé ẹ̀yìn igi; kí ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó tan òmíràn.